Gbèsè Tí Èlé Rẹ̀ Ga Jù Ni Kó O Kọ́kọ́ San
Èlé ni kó o wò, má wo bí gbèsè ṣe tóbi tó. Ká ní o ń ta ata l'Ọjà Ọba, Òṣogbo, o jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ₦100,000, èlé ₦1,000 lóṣù. O tún jẹ áàpù ayánilówó ní ₦20,000, èlé ₦3,000 lóṣù. Ti áàpù ni kó o kọ́kọ́ san tán, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ọjọ́ ẹgbẹ́ yẹ̀.

Lẹ́yìn náà, gba ìwé ẹ̀rí pé o ti san tán. Ọ̀pọ̀ ò gbà á, ó sì dùn wá: ayánilówó lè gbàgbé láti ròyìn rẹ̀, orúkọ ẹ á ṣì wà lákọsílẹ̀ bí ajigbèsè. Fi BVN rẹ béèrè àkọsílẹ̀ náà lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè, ìyẹn CRC, FirstCentral àti CreditRegistry. Bí àṣìṣe bá wà, kọ̀wé sí wọn, kó o fi ìwé ẹ̀rí náà tì í.