Ẹja Shark Inú Ilé Tí Ó Ń Ṣe Ségesège: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sin ẹja nínú àpótí dígí nílé mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì ti rí i pé èyí tí ó ń kó ìdààmú bá àwa olùsìn jù lọ ni ẹja tí wọ́n ń tà fún wa ní orúkọ shark, ìyẹn ekurá. Àwọn ìbéèrè tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ sábà máa ń bi mí. Mo fẹ́ fara balẹ̀ dáhùn wọn, nítorí pé oògùn tí a sáré dà sínú omi ti pa ẹja púpọ̀ tí àìsàn kankan kò ṣe.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ra shark mẹ́ta, wọn kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ. Bí mo bá tan iná pálọ̀ ní ìdájí, ńṣe ni wọ́n máa ń sáré kọ lu dígí, tí ọ̀kan nínú wọn á sì yí ikùn sókè bí ẹni pé ó ti kú. Ṣé wárápá ni?

Ìdáhùn: Kì í ṣe wárápá, ẹ̀rù ni. Ẹja yìí kì í ṣe ojúlówó ekurá inú òkun. Ìbátan àrọ̀ ni, odò Mekong àti odò Chao Phraya ní ìhà Thailand sì ni orísun rẹ̀. Pangasianodon hypophthalmus ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí irùngbọ̀n tín-ín-rín níbẹ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ kò ní bá ìpẹ́ kankan lára rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà, inú agbo ló sì ti máa ń ní ìfọ̀kànbalẹ̀, nítorí náà bí ìmọ́lẹ̀ bá dé bá a lójijì nínú òkùnkùn, sísá ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó mọ̀, dígí ni yóò sì dá a dúró.

Ó ṣẹlẹ̀ nílé mi. Ọmọ mi tan iná ní agogo márùn-ún ìdájí, mo gbọ́ gbì lára dígí láti yàrá, nígbà tí mo sì débẹ̀, imú ẹja náà ti bó, ó ń rá bàbà. Láti ọjọ́ náà, iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a máa ń kọ́kọ́ tàn, a ó dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí a tó tan ti pálọ̀. Mo lẹ pépà dúdú mọ́ ẹ̀yìn àpótí náà àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, mo sì kó gbogbo òkúta ẹlẹ́nu ṣóńṣó kúrò. Èyí tí ó yí ikùn sókè, ẹ má ṣe yọ ọ́ jáde. Ẹ pa iná, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ níbi tí ó fi ń mí. Bí ibẹ̀ bá ṣì ń ṣí tí ó ń pa dé, yóò padà bọ̀ sípò láìpẹ́.

Ìbéèrè: Ṣàgámù ni mo wà. Iná ìjọba lọ láti alẹ́, kò dé títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Bí ó ti dé ni mo tan ẹ̀rọ asẹ́. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹja fi gòkè omi, tí ẹnu wọn kò sinmi. Kí ni mo ṣe tí kò dára?

Ìdáhùn: Bí ẹja yìí bá gòkè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó gbé afẹ́fẹ́ mì tí ó sì padà sísàlẹ̀, ẹ má fòyà, nítorí pé ó lè mí afẹ́fẹ́ òkè omi bí àrọ̀ ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá dúró sókè láìsọ̀kalẹ̀, ewu ti wọlé. Inú asẹ́ yín ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ń gbé, àwọn tí ń sọ amóníà tí ó ti ara ìgbẹ́ ẹja jáde di nitrite, tí wọ́n sì ń sọ nitrite di nitrate tí oró rẹ̀ kò tó ti àwọn ìyókù. Afẹ́fẹ́ inú omi tí ń ṣàn ni ó ń gbé ẹ̀mí wọn ró. Nígbà tí omi dúró fún wákàtí púpọ̀ nínú asẹ́ tí a dé pa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ìdọ̀tí sì jẹrà. Tíntàn tí ẹ wá tan ẹ̀rọ náà ni ó tú gbogbo omi jíjẹrà yẹn lé ẹja lórí.

Bí iná bá tún lọ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tú asẹ́ náà kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Bí ó bá ń rùn bí ẹyin tí ó bàjẹ́, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ fi omi inú àpótí ẹja gan-an fọ fóòmù rẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, nítorí pé kiloríìnì, oògùn apakòkòrò inú omi ẹ̀rọ, yóò pa ìwọ̀nba kòkòrò rere tí ó ṣẹ́ kù. Ní báyìí, ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta omi náà, ẹ má fún wọn lóúnjẹ fún ọjọ́ méjì, ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi. Bí kò bá sí ẹ̀rọ yẹn, ẹ máa fi abọ́ bu omi náà kí ẹ sì máa dà á padà láti òkè. Omi bóhóòlù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kì í sábà ní afẹ́fẹ́ tó, nítorí náà ẹ bù ú sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kí ẹ tó lò ó. Bí ó bá jẹ́ pé kòkòrò asẹ́ ti kú tán, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí òmíràn tó kún ibẹ̀.

Ooru náà ń dá kún un. Ìgbóná tí ó bá ẹja yìí lára mu kò ju ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì 22 sí 26 lọ, bẹ́ẹ̀ ni omi àpótí tí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lè kọjá 30 lọ́sàn-án oṣù Kẹta, omi gbígbóná kì í sì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ mọ́ra.

Ìbéèrè: A fín oògùn ẹ̀fọn sí yàrá lálẹ́. Láàárọ̀, ẹja ń yí po bí òkòtó, wọn kò lè dúró gbọọrọ.

Ìdáhùn: Oògùn náà ti dé inú omi. Púpọ̀ nínú oògùn ẹ̀fọn tí a ń fín ló ní èròjà tí ń ba iṣan ẹja jẹ́, kódà bí ó bá kéré, ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi sì ń fa ti inú yàrá wọlé tààrà. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ pààrọ̀ ìdajì omi lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́. Mi ò lè ṣèlérí pé gbogbo wọn yóò yè.

Ìbéèrè: Shark dúdú onírù pupa tí mo rà kò jẹ́ kí àwọn yòókù jẹun. Ó ń lé wọn kiri.

Ìdáhùn: Ìwà rẹ̀ nìyẹn. Ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ẹ ní, kí ẹ sì to òkúta àti igi fún un ní igun kan tí yóò kà sí ilé tirẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹja ń fi ara họ òkúta, àmì funfun bí iyọ̀ wà lára rẹ̀. Ṣé kí n lo oògùn tí ó ní bàbà nínú?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ dán omi wò, nítorí pé amóníà náà máa ń mú kí ẹja họ ara. Bí omi bá mọ́ tí àmì náà ṣì wà, ẹ tọ́jú wọn, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹja aláìnípẹ́ ń tètè fara gbọgbẹ́ oògùn, nítorí náà ẹ yẹra fún bàbà, kí ẹ sì wá èyí tí wọ́n kọ sí ara páálí rẹ̀ pé ó bá ẹja aláìnípẹ́ mu. Ní ti ojúlówó ekurá bíi bamboo shark, tí omi iyọ̀ ni ilé rẹ̀ tí ó sì ń gùn tó mítà kan, bàbà léwu fún un gan-an.

Ìbéèrè: Shark tèmi, irú èyí tí ẹ pè ní ìbátan àrọ̀, ti tóbi ju àpótí lọ, imú rẹ̀ ń fara gbo dígí. Ṣé mo lè gbé e lọ dà sínú odò Yemoji?

Ìdáhùn: Ẹ má dà á síbẹ̀, ẹ má sì dà á sí odò Ìbù. Àlejò ni nínú omi wa, ó sì lè kó àìsàn ran àrọ̀ àti ẹja mìíràn tí àwọn apẹja ń gbára lé. Ẹja tí ó lè gùn ju mítà kan lọ ni, àpótí pálọ̀ kankan kò sì lè gbà á títí ayé rẹ̀. Ẹ wá ẹni tí ó ní adágún oníbíríkì tí kò já sí odò, kí ẹ gbé e lọ fún un ní alẹ́ nígbà tí omi bá tutù, nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tí ẹ fi aṣọ dúdú bò.