Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń gé àga ìfaratì mọ́ ọkọ̀ onímótò kékeré

Lójú ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), orí ìdúró ló yẹ kí awakọ̀ wà. Bó bá jókòó, kò ní tètè rí igi akájà, ìyẹn igi tí apẹja rì mọ́ omi kí ẹja lè kó jọ síbẹ̀, tó yọrí díẹ̀ lójú omi, kò sì ní rí àwọ̀n apẹja. Ohun tí àga ìfaratì wà fún nìyẹn: àga gíga tó wà lẹ́yìn sítíárì, tí èèyàn lè fi ìdí tì láìjókòó. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó gùn ní mítà 7 tàbí 8 ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn fún. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ mítà 4 tàbí 5 ní láti gé e, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Má ṣe wọn àga náà ní ṣọ́ọ̀bù ajórin kí o sì gé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́gbọọgba. Ilẹ̀ ọkọ̀ kì í tẹ́jú. Ó máa ń ṣe gẹ̀rẹ́ sẹ́yìn kí omi lè ṣàn jáde. Àga tí a gé lọ́gbọọgba á fì sẹ́yìn. Kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ sójú omi pẹ̀lú mótò, epo àti ẹrù tó máa ń kó. Kí awakọ̀ wọ bàtà tó fi ń wakọ̀, kó di sítíárì mú, kí ìgunpá rẹ̀ sì tẹ̀ díẹ̀. Kí o wá wọn ibi tí ìdí rẹ̀ dé. Fún àgbàlagbà tó ga níwọ̀n, orí tìmùtìmù máa ń wà ní nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 76 sí 86 sókè ilẹ̀, àlàfo tó wà láàárín òun àti sítíárì á sì tó 40 sí 50. Yọ nínípọn tìmùtìmù kúrò nínú ìṣirò rẹ. Ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ni kí o gé, kì í ṣe òkè níbi tí irin ìdábùú wà, kí o sì fi sẹ̀ntímítà 2 sílẹ̀ nígbà àkọ́kọ́.

Àwọn mìíràn a gé ẹsẹ̀ kù, wọn ò ní dín ìbú. Nínú ọkọ̀ kékeré, fi àyè tó tó sẹ̀ntímítà 35 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó kéré tán. Nígbà tí èpò omi bá dí ojú ihò tí mótò fi ń fa omi, awakọ̀ gbọ́dọ̀ lè dé ẹ̀yìn kíákíá, torí mótò tí kò rí omi fà á gbóná kọjá ààlà.

Èyí tó burú jù lọ ni kí a fi skúrúù lásán de àga mọ́lẹ̀. Ẹni tó fara ti àga ń tì í sẹ́yìn láti òkè, nítorí náà ẹsẹ̀ iwájú ló ń fẹ́ tu, bí ìgbà tí èèyàn ń hú ẹ̀gẹ́. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá fò lórí ìgbì ni agbára yẹn ń pọ̀ sí i. Fáíbà ilẹ̀ ọkọ̀ tó nípọn ní mìlímítà 4 tàbí 5 kò lè di skúrúù mú pẹ́. Bóòtù inox 316 (irin tí kì í tètè dípẹtà), mìlímítà 8, tó la ilẹ̀ já, ni kí o lò, mẹ́rin fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ ilẹ̀, fi pátákó álúmíníọ̀mù mìlímítà 6 tó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ojú ẹsẹ̀ àga tẹ́ ẹ, kí o tó fi wọ́ṣà fífẹ̀ àti nọ́ọ̀tì tó ní ike nínú sí i. Bí ọwọ́ kò bá dé ìsàlẹ̀, gé ojú ihò kan, kí o sì fi ìdérí tí omi kì í gbà wọlé dí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ibi yìí. Bí àga bá tu tí mótò ń sáré, inú omi ni awakọ̀ á bá ara rẹ̀.

Kí o tó lu ihò, mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Táǹkì ẹsáǹsì (epo bẹntiróòlù) lè wà níbẹ̀. Lẹ téèpù mọ́ ẹnu dríìlì kó má bàa wọlé jù, má sì jẹ́ kí ajórin jó irin nínú ọkọ̀ tí òórùn ẹsáǹsì ṣì wà.

Omi tó bá gba ẹ̀gbẹ́ bóòtù wọlé á jẹ pákó tó wà láàárín fáíbà, ilẹ̀ á sì di rírọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Lu ihò mìlímítà 12, fi epọ́sì (àtè tó máa ń le bí òkúta) dí i, jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí 24, kí o wá lu mìlímítà 8 sáàárín rẹ̀. Gọ́ọ̀mù poliyurétànì ni kí o fi sábẹ́ ẹsẹ̀ àga, kì í ṣe silikónì ojú fèrèsé. Má fún bóòtù pa lẹ́ẹ̀kan náà, kí gọ́ọ̀mù má bàa tú jáde tán.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ máa ń pọ̀ sí i nínú omi ọ̀sà. Bóòtù inox tó kan ẹsẹ̀ álúmíníọ̀mù ní tààrà á mú kí álúmíníọ̀mù máa jẹ, ìyẹ̀fun funfun á sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Wọ́ṣà ike ló ń là wọ́n. Iná ajórin náà ń sọ álúmíníọ̀mù di aláìlágbára. Bó bá pọn dandan láti so ẹsẹ̀ tí a gé láàárín, ki páìpù tó gùn ní sẹ̀ntímítà 10 sínú rẹ̀ kí o tó jó o.

Fún tìmùtìmù, fóòmù tí kì í fa omi ni kí o rà, kí o sì lu ihò sí pátákó abẹ́ rẹ̀. Rí i pé okùn tó ń pa mótò dé ara awakọ̀ níbi tó dúró sí. Kí ẹni méjì wá ti àga náà síwájú, sẹ́yìn àti sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ilẹ̀ bá mì, tú u, kí o sì wo abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, tún àwọn nọ́ọ̀tì fún.