Kí Ẹ Tó Pe Oníṣẹ́: Mítà Tó Kọ Tókìn, Fóònù Tí Kò Gba Iná, àti Fíríìjì Tó Dákẹ́

Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ nínú ilé ni ó ti bàjẹ́. Mo ti rí i léraléra ní Adó-Èkìtì níbi tí mò ń gbé, àti ní Ìjerò níbi tí màmá mi wà, pé a máa ń sanwó fún oníṣẹ́ lórí ohun tí àwa fúnra wa ìbá fi ìṣẹ́jú márùn-ún yẹ̀ wò. Àwọn àgbàlagbà tó ń dá gbé ilé, àti àwọn ọmọ tó ń bójú tó wọn láti ọ̀nà jíjìn, ni mo kọ́kọ́ ní lọ́kàn tí mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí. Ìlànà kan ṣoṣo ni mo ń tẹ̀lé: ohun tí kò ná wa ní kọ́bọ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí a tó dé orí èyí tó ń náni lówó.

Mítà tí a ń ra iná sí ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ó ń fa ìpè jù lọ láàrin èmi àti màmá mi. Nọ́ńbà 20 ni ó wà nínú tókìn kan, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tí wọ́n ń fún wa bí a bá ra iná, wọ́n sì sábà máa ń kọ ọ́ ní mẹ́rin-mẹ́rin lọ́nà márùn-ún. Ẹ má ṣe máa wo fóònù lọ́wọ́ kan kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kejì; ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, ẹ tẹ mẹ́rin, ẹ wo ojú kíípáàdì bóyá ohun tí ẹ kọ ni ó wà níbẹ̀, kí ẹ tó tẹ mẹ́rin mìíràn. Bí mítà bá kọ̀ ọ́, ẹ má ṣe fi ìbínú tẹ̀ ẹ́ léraléra, nítorí pé ọ̀pọ̀ mítà máa ń ti ara wọn pa fún ìgbà díẹ̀ bí àṣìṣe bá ti pọ̀ jù. Ẹ fi nọ́ńbà mítà tó wà lórí rìsíìtì wé èyí tó wà lára mítà gan-an. Ẹni tó bá ti kó kúrò nílé kan lè máa ra iná fún ẹni tó gba ilé náà lẹ́yìn rẹ̀, bí nọ́ńbà àtijọ́ bá ṣì wà nínú fóònù rẹ̀. Bí kíípáàdì bá sì fi hàn pé a ti lo tókìn náà, ẹ wo iye iná tó kù kí ẹ tó fi ẹnikẹ́ni sùn, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn nínú ilé ti tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó bá ń ka tókìn fún òbí rẹ̀ lórí fóònù ní iṣẹ́ mìíràn láti ṣe. Ilẹ̀ òkè ni ilẹ̀ Èkìtì, ohùn a sì máa já láàrin àwọn òkè náà, tó bẹ́ẹ̀ tí èjì àti èje fi ń dún bákan náà létí ẹni tó ń gbọ́ wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni màmá mi ti tẹ èje sí ipò èjì, tí a sì wà lórí ìpè fún ìdajì wákàtí. Bí a ṣe wá yanjú rẹ̀ ni pé mo máa ń sọ pé, "Màmá, èjì bí ìbejì," tàbí "èje bí iye ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀," wọn á sì ka mẹ́rin náà padà fún mi kí n tó tẹ̀síwájú. Ẹ rí i dájú pé àwọn ni wọ́n kà á padà. Ẹ má ṣe kàn bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti gbọ́, nítorí àgbàlagbà mìíràn á ní òun ti gbọ́, kí ó má bàa yọ ọmọ lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn tó kọ́lé sílé tó jẹ́ pé ọdún Kérésìmesì nìkan ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Bí a kò bá ti fi iná sí mítà ilé náà láti ṣáájú ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ó ṣeé ṣe kí ó kọ gbogbo tókìn tuntun, kò sì ní jẹ́ pé ó bàjẹ́. Ìṣẹ́jú ni irú mítà yìí fi ń ka ọjọ́ orí tókìn, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993, ibi tí òǹkà náà lè dé sì pin ní ọjọ́ tí mo dárúkọ yẹn. Tókìn méjì àkànṣe, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ nọ́ńbà 20, ni ó ń mú kí mítà bẹ̀rẹ̀ òǹkà tuntun. Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ iná ni ẹ ó ti béèrè wọn, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ tẹ èyí àkọ́kọ́, ẹ tẹ èkejì tẹ̀ lé e, kí ẹ tó tẹ tókìn tí ẹ rà.

Ní ilé tí mítà wà lórí òpó, tí kíípáàdì nìkan wà nínú yàrá, ẹ má ṣe gbàgbé bátìrì rẹ̀. Bí iná bá ti tán lórí mítà, sókẹ́ẹ̀tì kò ní nǹkan tó lè fún kíípáàdì mọ́, bátìrì ni yóò fi ṣiṣẹ́. Òru ni èyí sì sábà máa ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ti tì. Ẹ ní bátìrì tuntun nílé, kí ẹ sì yọ ti inú rẹ̀ bí ẹ bá ń rìnrìn àjò tó pẹ́, kí omi má bàa jáde lára rẹ̀ kí ó ba ibẹ̀ jẹ́.

Fóònù tí kò gba iná rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ẹ̀rọ mìíràn dán sókẹ́ẹ̀tì wò, ẹ pààrọ̀ okùn, ẹ pààrọ̀ ṣájà. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, ihò ẹsẹ̀ fóònù ló kù. Ẹni tó ń fi fóònù sí abẹ́ ìró tàbí sínú àpò aṣọ oko kò ní mọ ìgbà tí òwú, eruku ọyẹ́ àti èlùbọ́ máa ń kì sínú ihò náà, tí orí okùn kò fi ní lè wọlé dópin mọ́. Ẹ pa fóònù, ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ fi igi ìtayín tàbí igi ọwọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ rọra họ ìdí ihò náà. Ẹ má ṣe lo abẹ́rẹ́ tàbí píìnì, nítorí irin lè ṣẹ́ àwọn eyín kéékèèké inú rẹ̀. Ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á wọ ibẹ̀. Ìwọ̀n òwú tí mo rí nínú fóònù màmá mi yà mí lẹ́nu gidigidi, owó ihò tuntun ni àwọn oníṣẹ́ sì ti ń béèrè lọ́wọ́ wọn lọ́jà.

Bí fóònù bá já sómi, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má ṣe kì í bọ iná láti wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ dojú ihò rẹ̀ kọlẹ̀ kí omi ṣàn jáde, ẹ nù ún, kí ẹ sì gbé e síbi tí atẹ́gùn fáànù ti lè fẹ́ sí i títí yóò fi gbẹ dáadáa, ó kéré tán fún ọjọ́ kan. Ẹ má ṣe rì í sínú ìrẹsì, nítorí ìyẹ̀fun ìrẹsì lè wọ ihò rẹ̀.

Iná tí kò lágbára kì í sábà pa ṣájà fóònù lára: bí ẹ bá wo ara ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ ó rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti 100 dé 240 fóòtì ni wọ́n lè gbà. Fíríìjì ni ẹ̀rù ń bà mí fún. Bí iná bá lọ, ẹ yọ ọ́ lára sókẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá dé, ẹ jẹ́ kí ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó dá a padà, nítorí pé gáàsì tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀ ní láti sinmi, bí a bá sì fi agbára mú un tan kí ó tó sinmi, ẹ̀rọ náà á gbóná, ó sì lè jó. Ẹ má ṣe máa ṣí i láti wo ọbẹ̀. Bí a kò bá ṣí ilẹ̀kùn, ohun tó wà nínú fíríìjì ṣeé fọkàn tán fún wákàtí mẹ́rin, fírísà tó kún lè di òtútù mú fún nǹkan bíi wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì á sì lò tó 24. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi omi inú ọ̀rá dí gbogbo àlàfo fírísà.

Ohun ìkẹyìn tí ó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò ni fíúsì tó wà nínú orí okùn iná. Bí fáànù tàbí áyọ́ọ̀nù bá kú lójijì, ẹ yọ orí okùn náà lára ògiri, ẹ tú u, ẹ fi fíúsì tuntun tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu rọ́pò rẹ̀. Nọ́ńbà 3 ló sábà máa ń tọ́ sí fáànù, 13 sì ni ti áyọ́ọ̀nù. Mo bẹ yín, ẹ má ṣe wé bébà fàdákà inú páálí sìgá tàbí wáyà mọ́ ọn, bó ti wù kí ẹni tó kọ́ yín ní i jẹ́ alágbára lórí iṣẹ́ náà. Fíúsì ń kú kí ilé má bàa jó ni.

Bí ẹ bá gbóòórùn ohun tó ń jó, tí iná ń ta pàrà nínú sókẹ́ẹ̀tì, tàbí tí ohun tó bàjẹ́ bá wà lórí òpó, ẹ pa iná gbogbo ilé láti orí súwíìṣì ńlá, ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò nítòsí, kí ẹ sì pe oníṣẹ́.