Bí A Ṣe Ń Yan Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Tí Apá Òbí Yóò Ká

Kí ọmọ tó lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB, ó yẹ kí òun àti òbí rẹ̀ ti jókòó ti ìwé àkọsílẹ̀ kan ná. Àárín àwọn àdìrẹ tí a ká jọ ni èmi àti àbúrò mi obìnrin jókòó sí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìtòkú, tí ọmọ rẹ̀ pín ojú ewé kan sí òpó mẹ́ta: orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, owó tí wọ́n ń gbà lọ́dún, àti iye ọdún tí yóò lò. Mo ní kó fa òpó kẹrin sí i, fún owó ilé, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ. Òpó kẹrin yìí ló yí ìpinnu wa padà.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́. Ní Abẹ́òkúta, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, tó sì wà ní Àlàbátà, jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà ní Òṣíẹ̀lẹ̀. MAPOLY, tó jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Ògùn, gẹ́gẹ́ bí OOU, yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Yunifásítì Crescent àti Chrisland sì jẹ́ ti aládàáni. Wọ́n á ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ẹ̀kọ́, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n owó ìforúkọsílẹ̀, owó ìlera, owó yàrá àyẹ̀wò àti owó ibùgbé kò sí lára ọ̀fẹ́ náà. Ní ti ilé-ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀, ẹ béèrè bóyá iye tí ọmọ ìpínlẹ̀ ń san yàtọ̀ sí ti àlejò. Bó bá yàtọ̀, ẹ tètè lọ gba ìwé ọmọ-bíbí ìlú ní ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Ìwé owó méjì ni kí ẹ wá kiri, ti ọdún kìn-ín-ní àti ti ọdún kejì, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sábà máa ń san àwọn owó kan tí kò ní san mọ́ lẹ́yìn náà. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ ni mo ti máa ń gba tèmi, nítorí òun ló mọ owó ẹ̀ka àti owó ìwé tí ẹnikẹ́ni kì í kọ síta.

Nǹkan nípa kòkòrò àìfojúrí, tí wọ́n ń pè ní Microbiology, ló wu ọmọ wa láti kà ní FUNAAB, Ìbarà sì ni wọ́n ń gbé. Ìyá rẹ̀ rò pé bó bá ń ti ilé lọ, owó ilé ti dínkù nìyẹn. A ṣírò rẹ̀. Láti Ìbarà, yóò wọ ọkọ̀ dé Camp, yóò tún wọ òmíràn dé inú ọgbà, bákan náà ni àbọ̀ yóò rí. Ká ní ₦500 ni ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ₦2,000 lójúmọ́ nìyẹn. Bó bá ń lọ lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀ fún ọgbọ̀n ọ̀sẹ̀, ó di ₦300,000 lọ́dún, láìtíì jẹun. Àbúrò mi fi ìka tẹ iye náà lẹ́ẹ̀mejì lórí fóònù rẹ̀, ó ní, “Bọ̀dá mi, owó ilé kúkú nìyí!” Bí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá pawọ́ pọ̀ gba yàrá kan nítòsí ọgbà, ó lè má tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ rántí pé onílé yóò gba owó àdéhùn lọ́dún àkọ́kọ́, ejẹ́ǹtì náà yóò sì gba tirẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi iye ọdún sọ owó náà di púpọ̀. Ọdún mẹ́rin ni Microbiology, márùn-ún ni iṣẹ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ ẹnjiníà àti òfin, mẹ́fà sì ni ìṣègùn. Ìyanṣẹ́lódì náà ń jẹ owó: ti àwọn olùkọ́ yunifásítì ní 2022 gba oṣù mẹ́jọ, ọ̀pọ̀ onílé kò sì dá owó kankan padà. Ẹlòmíràn á sá lọ sí ti aládàáni nítorí èyí. N kò bá a wí, bó bá ti lè san án títí dé ìparí. Aládùúgbò wa kan san ti ọdún méjì, kò rí ti ọdún kẹta, ọmọ náà sì padà wá tún JAMB ṣe.

Ọ̀nà mìíràn wà tí àwa òbí ń fojú kéré. Ọmọ lè lo ọdún méjì fún ND, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, ní MAPOLY láti ilé, kó ṣiṣẹ́ díẹ̀, kó sì gba Direct Entry wọ yunifásítì ní ọdún kejì. NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ọlọ́dún mẹ́ta, náà ń ṣí ilẹ̀kùn yìí. Kì í yá ju ọ̀nà tààrà lọ, ṣùgbọ́n ó ń fún àpò ní ìsinmi, ìwé ẹ̀rí kan sì ti wà lọ́wọ́. Kí ẹ ṣáà rí i dájú pé àjọ tó ń bójú tó irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ̀yáwó NELFUND, tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024, kò ní èlé. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà, wọ́n sì ya ₦20,000 lóṣù sọ́tọ̀ fún ìgbọ́bùkátà akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè fún un, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ló wà fún. Ẹ má gbójú lé e fún owó ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ọmọ gbọ́dọ̀ rí ààyè wọlé kó tó lè tọrọ rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń kún fọ́ọ̀mù, ilé-ẹ̀kọ́ tó wù yín tí apá yín sì ká ni kó ṣáájú, nítorí ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba kì í wo ẹni tí kò fi wọ́n ṣáájú. Láàrin àwọn àyè tó kù, kí ọ̀kan ó kéré tán jẹ́ èyí tí ọmọ lè máa ti ilé lọ. MAPOLY ni ọmọ wa fi síbẹ̀. Bí ìgbàwọlé bá sì dé lórí CAPS, ìyẹn ojú òpó JAMB tí wọ́n ti ń fún ọmọ láyè wọlé, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́ pé ẹ gbà á, ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ yẹn jáde, ẹ fi ìwé owó tuntun wé òpó kejì. A rí i pé owó ti lé. Ọjọ́ mẹ́ta ni àbúrò mi fi bá àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó ní kí ọmọ tẹ̀ ẹ́.