Ọmọ Wa Ni, A Mọ̀ Ọ́n Dáadáa: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ́ Kí Owó Káńsù Pòórá

Ìlú kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Dixon. Ibẹ̀ ni Ronald Reagan, tó padà di ààrẹ, ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò ju nǹkan bí 16,000 lọ. Láti ọdún 1990 títí di 2012, akápò ìlú náà, Rita Crundwell, kó owó tó lé ní mílíọ̀nù 53 dọ́là nínú àpò ìlú. Owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún ò ju nǹkan bí 80,000 dọ́là, síbẹ̀ ó ní ẹṣin bí 400, ẹṣin olówó iyebíye tó ń gba ife-ẹ̀yẹ káàkiri. Gbogbo ìlú rí ẹṣin. Kò sẹ́ni tó bèèrè owó tó rà wọ́n. Ọmọ ìlú ni, kékeré ló ti wọṣẹ́ níbẹ̀, onínúure ni.

Mo máa ń rántí Dixon nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ pé káńsù kékeré ò lówó tí ẹnì kan lè jí. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ohun tí wọ́n ṣe ní Dixon, à ń ṣe é ní káńsù wa, à ń ṣe é nínú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, kódà nínú ẹgbẹ́ àdúgbò tó ń dáwó ẹ̀rọ amúnáwá. Ìdí rèé tí mo fi ń kọ èyí sí àwọn káńsẹ́lọ̀, àwọn olóyè ẹgbẹ́, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn ń sanwó ìṣọ̀ lọ́jà.

Ẹ má fi ìwé báǹkì sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1990, Crundwell ṣí àkáǹtì kan ní báǹkì lórúkọ ìlú. Ó fún un lórúkọ tí ẹni tó bá rí i á fi rò pé owó ìpamọ́ fún iṣẹ́ kòtò ìdọ̀tí ni. Òun nìkan ló ń fi ṣe nǹkan. Á kó owó ìlú láti àkáǹtì kan sí òmíràn, á wá kọ sọ̀wédowó fún "Akápò", á sì lọ san án sínú àkáǹtì ìkọ̀kọ̀ yẹn. Kí ìwé lè bá ìwé mu, á ṣe ìwé owó iṣẹ́ èké, bí ẹni pé ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ojú ọ̀nà ní ìpínlẹ̀ ló fi ránṣẹ́. Tí báǹkì bá fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́, òun náà ni yóò gbà á. Tó bá rìnrìn àjò ìdíje ẹṣin, á ní kí mọ̀lẹ́bí tàbí òṣìṣẹ́ kan gba lẹ́tà, kí wọ́n ya tirẹ̀ sọ́tọ̀.

Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó ń ní kí wọ́n san owó náà ló ń san án, òun ló ń kọ ọ́ sínú ìwé, òun náà ló ń ka ìwé tó ti báǹkì wá. Kò lo ọgbọ́n àrà kankan. Wọ́n kàn fi iṣẹ́ ẹni mẹ́rin lé ẹnì kan lọ́wọ́ ni, nítorí pé ó mọ iṣẹ́.

Báwo ni àṣírí ṣe tú? Ní ọdún 2011, Crundwell gba ìsinmi tó gùn. Akọ̀wé ìlú dúró ní ipò rẹ̀, ó ní kí báǹkì fi ìwé gbogbo àkáǹtì ìlú ránṣẹ́. Báǹkì kó gbogbo rẹ̀ wá, ni akọ̀wé bá rí àkáǹtì tí kò rí rí. Ó mú un lọ bá olórí ìlú, Jim Burke, òun náà gbé e lọ sí FBI, ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Ojú kejì wo ìwé, ó tán.

Nítorí náà, ẹ lé akápò yín lọ sí ìsinmi. Ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún, ó kéré tán, kí ẹlòmíì sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ìwé ní gbogbo àsìkò yẹn. Níbi tiwa, òṣìṣẹ́ tí kì í gba ìsinmi là ń yìn pé ó fi ara jìn. Èmi máa ń fura sí irú wọn, àwọn olóòótọ́ àárín wọn á forí jì mí.

Ẹ má sì tún fi ìbuwọ́lù ẹni méjì tan ara yín jẹ. Mo mọ ẹgbẹ́ tí ẹnì kejì ti máa ń bu ọwọ́ lu ìwé sọ̀wédowó tí wọn ò tíì kọ nǹkan kan sí, odidi ìwé lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n má bàa máa yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni bẹ́ẹ̀ ò yàtọ̀ sí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Lóde òní tí gbogbo nǹkan ti bọ́ sórí fóònù, ìbéèrè tó yẹ ká bèèrè ni pé fóònù ta ni alẹ́ẹ̀tì báǹkì ń wọ̀. Tó bá jẹ́ ti akápò nìkan, ẹ kọ̀wé sí báǹkì pé kí wọ́n fi nọ́ńbà alága àti ti ọmọ ẹgbẹ́ kan tí kì í ṣe olóyè kún un.

Ẹ má rò pé òǹtẹ̀ olùyẹ̀wò owó ti parí ọ̀rọ̀

Ọdọọdún ni wọ́n ń yẹ ìwé Dixon wò, ọdọọdún ni wọ́n ń sọ pé kò sí wàhálà. Ilé iṣẹ́ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò náà sì ń bá wọn ṣètò ìwé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, àwọn olùyẹ̀wò àti báǹkì gbà láti san mílíọ̀nù 40 dọ́là fún ìlú náà ní ọdún 2013.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ wa ló ní ọ̀gá àgbà tó ń yẹ ìwé owó ìjọba ìbílẹ̀ wò. Tí wọ́n bá sọ fún yín pé wọ́n ti yẹ ìwé káńsù yín wò, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé ìwé ọdún wo. Ìròyìn tó ti pẹ́ ọdún márùn-ún, àwọn òpìtàn ló wúlò fún.

Ẹ má gba "owó ò tíì wọlé" gbọ́ láìrí ìwé

Gbólóhùn yìí ni ààbò Crundwell. Tí ìgbìmọ̀ ìlú bá bèèrè ìdí tí owó ò fi tó, á ní ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń fi owó orí tó tọ́ sí wọn falẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí ìpínlẹ̀ Illinois máa ń pẹ́ sanwó nígbà yẹn. Ni wọ́n bá ń gé ìnáwó kù, wọn ò fowó kún owó oṣù òṣìṣẹ́, wọn ò lè tún ojú ọ̀nà ṣe. Ní 2008 nìkan, ó kó mílíọ̀nù 5.8 dọ́là lọ.

Tiwa ni "alokéṣọ̀n ò tó nǹkan" àti "gómìnà ló di owó wa mú". Ó lè jẹ́ òótọ́! Abala 162 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló dá àkáǹtì àjùmọ̀ní ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni owó káńsù sì fi ń há síbẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó àwọn káńsù 774 máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Àmọ́ pé ó lè jẹ́ òótọ́ kò ní ká gbà á bẹ́ẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ máa ń gbé iye tí wọ́n pín jáde, káńsù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ẹ wá ti oṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ tó lọ bá alága sọ̀rọ̀.

Ibí yìí gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Wọ́n á rí iye tó wà nínú ìwé yẹn, wọ́n á sáré gbé e sórí Facebook pé alága ti jẹ ẹ́ tán. Wọn ò rántí pé owó oṣù àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì máa ń kúrò níbẹ̀ kí nǹkan kan tó dé ọwọ́ káńsù. Alága á fi ìwé àwọn owó tí wọ́n yọ hàn níwájú kábíyèsí, àwọn ọ̀dọ́ á sì di òpùrọ́ lójú gbogbo ìlú. Ìbéèrè tó ní láárí ni pé: èló ló wọlé, èló ni wọ́n yọ kúrò, ta ló yọ ọ́, ìwé rẹ̀ dà?

Ẹ má sọ ẹ̀tọ́ di ojúrere

Àṣà wa ni ká lọ bá alága nílé lálẹ́, ká dọ̀bálẹ̀, ká ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a kàn fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ ni." Á fún wa ní ìrẹsì, a ó dúpẹ́, a ó máa lọ ilé. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un, kò sóhun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ lẹ́tà. Òfin ọdún 2011 tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba kò ní kẹ́ ẹ sọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń bèèrè. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Ìyá tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíì láti bá a bèèrè. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti ń jiyàn pé òfin yẹn ò kan àwọn, àmọ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ó kan gbogbo ìjọba.

Ẹ má bèèrè "bí káńsù ṣe ń náwó". Lẹ́tà tó fẹ̀ báyẹn, ìdáhùn tó fẹ̀ náà ni yóò gbà. Ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, bóyá kànga ẹ̀rọ ẹ̀yìn ọjà tí kò tíì pọn omi rí. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà ìwé àdéhùn, orúkọ agbaṣẹ́ṣe, iye tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún un, iye tí wọ́n ti san àti ọjọ́ tí wọ́n san án. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ gba ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ má rò pé ohun tí wọ́n dìbò fún ò lè jẹ́ olè

Ní Bell, ìlú tálákà kan nítòsí Los Angeles tí èèyàn ibẹ̀ ò tó 40,000, ìwé ìròyìn Los Angeles Times tú u síta ní ọdún 2010 pé ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìlú náà, Robert Rizzo, ń gba owó tó súnmọ́ 800,000 dọ́là lọ́dún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn káńsẹ́lọ̀ ń gba nǹkan bí 100,000, fún iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ojoojúmọ́. Ìdìbò kan tí wọ́n ṣe ní 2005 ló yọ ìlú náà kúrò lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ tó ń ká owó káńsẹ́lọ̀ lọ́wọ́ kò. Àwọn tó jáde dìbò lọ́jọ́ náà ò tó 400. Rizzo gba ẹ̀wọ̀n ọdún 12 nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún ni ìlú fi sùn. Ẹ ronú sí iye èèyàn tó jáde ní wọ́ọ̀dù yín nígbà ìdìbò káńsù tó kọjá.

Ẹ má pariwo ṣáájú ìwé

Látìgbà tí Burke ti mọ̀ nípa àkáǹtì ìkọ̀kọ̀ yẹn títí di oṣù Kẹrin ọdún 2012 tí wọ́n mú Crundwell, wọ́n ṣì jọ ń ṣiṣẹ́ ìlú. Kò sọ fún un, FBI sì ń kó ẹ̀rí jọ. Nígbà tí wọ́n dé, kò sí ibi tó lè sá gbà: ó gbà pé òun jẹ̀bi, ilé ẹjọ́ sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún 19 àti oṣù méje.

Níbi tiwa, rédíò la máa ń kọ́kọ́ gbà lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, fáìlì ti jóná, ẹni tó sọ̀rọ̀ ti gba ìwé lọ́wọ́ lọ́yà pé ó ba ẹnì kan lórúkọ jẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé ná, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹni tí kò gbé nílùú, kẹ́ ẹ tó kọ̀wé sí EFCC tàbí ICPC. Nínú ìwé ẹ̀sùn náà, ẹ kọ ọjọ́, iye owó àti nọ́ńbà sọ̀wédowó, kí ẹ sì yọ èébú kúrò.