Bí mo ṣe tún àwọn test ojú ìwé tó ń ṣe ségesège ṣe

Àpótí ìwákiri ni test náà, tí a fi Playwright (irinṣẹ́ tó ń lo browser bí ènìyàn) kọ, ń yẹ̀ wò. Á tẹ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, á retí àbá, á mú ọ̀kan. Lórí kọ̀ǹpútà mi, kò sí wàhálà. Lórí ẹ̀rọ CI (ẹ̀rọ tó máa ń ṣe àwọn test fúnra rẹ̀), ó yege láàárọ̀, ó kùnà lọ́sàn-án, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan kóòdù.

Gbogbo ìlà tó ní waitForTimeout ni mo kọ́kọ́ wá kàn. Ẹni tó bá ní kí test sinmi fún 500ms ń méfò ni pé ẹ̀rọ á ti ṣe tán nígbà yẹn. Tó bá sọ ọ́ di 5000ms, ìméfò kan náà ni, àkókò gbogbo wa ló kàn ń fi ṣòfò. Mo fi expect(...).toBeVisible() rọ́pò wọn. Playwright á máa yẹ̀ ẹ́ wò léraléra títí di ìṣẹ́jú àáyá 5. Bó bá ti rí ohun tó ń wá, ó kọjá nìyẹn.

Ti waitForResponse gba àkíyèsí. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í retí èsì server. Await rẹ̀ (ibi tí test ti máa dúró de èsì náà) ló ń wá lẹ́yìn. Bí ẹ bá kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì, èsì lè dé kí ẹ tó yíjú síbẹ̀, test á wá jókòó máa retí ohun tó ti kọjá.

Àmọ́ nígbà míì, àkókò gan-an la ń yẹ̀ wò. Àpótí wa máa ń dúró fún 300ms lẹ́yìn lẹ́tà tó kẹ́yìn kó tó béèrè lọ́wọ́ server. Níbẹ̀, mo gba aago lọ́wọ́ browser. Láti ẹ̀dà 1.45 ni Playwright ti ní page.clock: install kí ojú ìwé tó ṣí, pauseAt láti dá aago dúró, runFor láti tì í síwájú. Ní 299ms, ìbéèrè kankan kò gbọdọ̀ tíì lọ. Tó bá pé 300, ó gbọ́dọ̀ lọ. Irú test báyìí wù mí gan-an! Apá aago yìí kò ká animation CSS (ohun tó ń rìn lójú ìwé), nítorí náà mo fi reducedMotion, tó ń ní kí ojú ìwé dín ìrìn bẹ́ẹ̀ kù, sí 'reduce', torí style wa ti ń tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn náà ni mo pa retries (títún test tó kùnà dán wò), mo sì lo --repeat-each=100 kí test kọ̀ọ̀kan lè ṣiṣẹ́ nígbà ọgọ́rùn-ún. Test kan ṣoṣo ló ṣì ń kùnà, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Èsì ìbéèrè àkọ́kọ́ ló máa ń pẹ́ dé nígbà míì, táá wá bo ti èkejì mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń tẹ̀wé kíákíá á rí àbá tí kò bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi page.route dá èsì àkọ́kọ́ dúró kí àṣìṣe náà lè máa hàn ní gbogbo ìgbà, mo sì fi AbortController fagi lé ìbéèrè tó ti gbó. A ò tíì dá retries padà.