Bí Òǹkọ̀wé Ìtàn Àròsọ Ṣe Ń Wádìí Ọ̀rọ̀ Abàmì Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá ń kọ ìtàn àròsọ yóò wá ohun tí ẹlòmíràn kì í wá. Ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo, ó lè bi Google léèrè ọjọ́ mélòó ni òkú fi ń wà lábẹ́ omi kó tó léfòó, irú takisí tó ń ná Ìdúmọ̀tà lọ́dún 1971, ohun tí wọ́n ń bọ́ lára ẹni tí wọ́n fẹ́ tì mọ́lé, àti bóyá òṣùpá yọ lálẹ́ ọjọ́ tí ológun gbàjọba. Àyà ẹni tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè já bó bá ṣèèṣì wo fóònù náà. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ojú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ rí, kò sì lè mọ̀ ọ́n láìbéèrè.

Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, láàárín àwọn ilé ìtẹ̀wé. Ìwé àfọwọ́kọ tí àwọn òǹkọ̀wé ń gbé wá ni mò ń kà, tí mò ń tún ṣe kó tó dórí ẹ̀rọ. Gbogbo wọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ìbéèrè sórí Google. Ẹ̀yìn tí ìdáhùn bá ti jáde ni iṣẹ́ ń bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ibẹ̀ ni n ó sì ti pẹ́ jù.

Ẹ kọ ìran náà ná

Ẹ má tíì fọwọ́ kan fóònù. Ẹ kọ ìran náà dé òpin, kí ẹ fi àlàfo sílẹ̀ níbi tí ẹ kò bá ti mọ nǹkan. Bírò dúdú ni kí ẹ fi kọ ìtàn, kí ẹ fi pupa kọ ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ ewé. Ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò ti tó. Kò sídìí tí ẹ ó fi ra ìwé olówó ńlá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ sórí Google kó tó kọ ìran yóò kó ìmọ̀ rẹpẹtẹ jọ, yóò sì fẹ́ lo gbogbo rẹ̀.

Bí ìbéèrè pupa bá ti tó bíi mẹ́wàá, ẹ ra dátà òru. Ó dínwó sí ti ọ̀sán, ariwo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò á sì ti rọlẹ̀.

Ẹ béèrè láti ojú ẹni tó wà nínú ìran

Ká ní wọ́n fún ọkọ kan ní májèlé jẹ nínú ìtàn yín. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé á sáré lọ wá orúkọ májèlé àti ìwọ̀n tó ń pani. Ẹ kò nílò méjèèjì. Òǹkàwé kò wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààyàn. Ó fẹ́ dúró létí bẹ́ẹ̀dì ọkùnrin náà ni. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ní Ìdí-Àràbà kò mọ ohun tí wọ́n fún un. Itọ́ tó ń dà lẹ́nu rẹ̀ láìdáwọ́ dúró ni nọ́ọ̀sì rí, àti òógùn tó rin aṣọ gbingbin, àti ọmọlójú tó sún kì bí orí abẹ́rẹ́, àti òórùn oògùn apakòkòrò tó gba gbogbo yàrá. Nítorí náà, ohun tí ẹ ó tẹ̀ ni àmì tí dókítà ń rí lára ẹni tó gbé oògùn apakòkòrò mì. Ojú-ewé ilé ìwòsàn àti ti àwọn dókítà, títí kan àwọn tiwa ní Nàìjíríà, ló máa jáde. Ìdáhùn wọn wúlò fún ìtàn, kò sì ní kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́ ibi.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ajínigbé tó fi hánkáṣíìfù tí wọ́n ta chloroform (oògùn tó ń kunni lóorun) sí bo ọmọge nímú. Inú fíìmù ni gbogbo wa ti rí i tí ọmọge ń ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún tí ènìyàn yóò fi máa fà á símú kó tó dákú. Ìṣẹ́jú márùn-ún gùn nínú ìjàkadì! Bí ẹ bá béèrè láti ojú ọmọge náà, ẹ ó rí i pé ìran yín ti yí padà pátápátá: ó ń jà, ó ń já èékánná, ẹnìkan sì lè gbọ́ igbe rẹ̀.

Ẹ gbé ìdáhùn wálé

Ibí yìí gan-an ni wọ́n ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dáadáa.

Ìdáhùn tí Google ń kọ́kọ́ gbé síwájú, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Kò purọ́. Àmọ́ kì í ṣe ti Mùṣín, kì í sì í ṣe ti ọdún tí ìtàn yín ń ṣẹlẹ̀. Mo ti ka ìwé tí ọlọ́pàá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ọ̀daràn lọ́wọ́ ní Ọjúẹlẹ́gbà, tó sì ń ka ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí i létí bíi ti fíìmù òyìnbó. Wọ́n gbà á láyè láti tẹ ẹnìkan ṣoṣo láago. Èèyàn méjìlá ló jókòó nílé ẹjọ́ tí wọ́n ń pinnu bóyá ó jẹ̀bi. Ẹni tó kọ ọ́ ti ṣèwádìí o. Ó ṣe é títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé kò bi ìdáhùn náà pé: ìlú wo lo ti wá?

L'Ékòó wa níbí, káńtà àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ń mú ènìyàn lọ. Ó ń bọ́ bàtà àti bẹ́líìtì sílẹ̀ kó tó wọ sẹ́ẹ̀lì. IPO, ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà, ló ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, DPO ni olórí àgọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀sùn ìpànìyàn, wọ́n á gbé e lọ sí Pàńtí ní Yábàá, níbi tí ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀ràn ńlá wà. Lẹ́yìn náà, yóò dé iwájú mágísíréètì, tí yóò ní kí wọ́n lọ fi í pa mọ́ sí Kirikiri títí ìmọ̀ràn yóò fi dé láti ọ̀dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò ìjọba. Adájọ́ nìkan ló ń dá ẹjọ́ rẹ̀ ní ilé ẹjọ́ gíga. Kò sí èèyàn méjìlá kankan. Ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ wà lóòótọ́, ó wà nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 35. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú fíìmù Amẹ́ríkà kọ́ ni ti ibí.

Òkú náà ní ìlú tirẹ̀. Ìwé àwọn dókítà ilẹ̀ tútù á sọ fún yín pé ara òkú ń tutù ní nǹkan bí ìwọ̀n 1 lórí Celsius ní wákàtí kan. Inú yàrá tó tutù ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé òkú yẹn sí yàrá kan ní Àjẹgúnlẹ̀ nínú oṣù kẹta, fèrèsé tì, iná kò sí, ooru ibẹ̀ ti lé ní 30. Ara alààyè fúnra rẹ̀ jẹ́ 37. Díẹ̀díẹ̀ báyìí ni òkú yẹn yóò máa tutù, ọlọ́pàá tó bá fọwọ́ kàn án lẹ́yìn wákàtí púpọ̀ lè máa rò pé kò tíì pẹ́ tó kú. Gígan ara náà máa ń yá nínú ooru, ó sì máa ń tètè tú. Odò tó ń di yìnyín náà wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣírò ìgbà tí òkú yóò léfòó, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ìdáhùn wọn. Omi Ọ̀sà gbóná látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin. Ọjọ́ díẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀sẹ̀.

Oòrùn ńkọ́? Ẹ̀dá ìtàn kan jókòó sí Marina, ó ń ka lẹ́tà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ó lè ṣeé ṣe ní London nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. L'Ékòó, oòrùn kì í wọ̀ kọjá nǹkan bí aago méje àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, oṣù yòówù kó jẹ́.

Bí ẹ bá ti yanjú ti ìlú, ó ku ti ọdún. Gbólóhùn kan wà nínú ìwé kan tí mo ṣiṣẹ́ lé lórí, ọdún 1971 ni: obìnrin kan sá kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó lóru, ó wọ takisí, awakọ̀ rọra fà sápá ọ̀tún láti jẹ́ kó wọlé, obìnrin náà sì na náírà méjì sí i. Òǹkọ̀wé yẹn ti wá irú ọkọ̀ náà, ó wá àwọ̀ rẹ̀, ó wá orin tó ń lọ lórí rédíò. Síbẹ̀, apá òsì ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, náírà kò sì dé títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973. Pọ́n-ún àti ṣílè ni wọ́n ń ná. Bàbá kankan tó wakọ̀ láyé ìgbà yẹn kò ní ka ìwé náà kọjá ojú-ewé ọ̀hún.

Àwọn ohun tó ń tan òǹkọ̀wé jẹ jù ni ohun tó ti mọ́ wa lára. Wọn kò parí Third Mainland Bridge títí di 1990, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má gba orí rẹ̀ sá lọ sí Òwòròǹṣòkí lọ́dún 1985. GSM kò dé títí di 2001, nígbà tó sì dé, odindi ìṣẹ́jú ni wọ́n ń yọ owó rẹ̀, tí àwọn èèyàn ń sáré sọ̀rọ̀ lábẹ́ agboòrùn olùtapè. Ọdún 2019 ni wọ́n yí orúkọ àjọ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà. Ó yẹ kí ẹ yẹ orúkọ òpópónà wò, orúkọ ilé-iṣẹ́ iná, orúkọ ọkọ̀ èrò. Gbogbo ohun tó bá ní orúkọ ni kí ẹ bi pé: ìgbà wo ni wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?

Ọ̀nà tó yá jù láti mú ìdáhùn wálé ni kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ibí wá a. Ẹ fi Kirikiri sínú ìbéèrè, ẹ fi Pàńtí, ẹ fi IPO. Ìròyìn ilé ẹjọ́ láti inú ìwé ìròyìn wa ló máa jáde, ó sì kún fún ohun tí onítàn ń wá. Fún òṣùpá àti ìgbà tí oòrùn wọ̀, timeanddate.com ni mò ń lò. Ẹ mú Lagos, ẹ mú ọjọ́, ó parí. Fún ayé àtijọ́, àwọn fíìmù British Pathé tó wà lórí YouTube dára púpọ̀, pàápàá ti ìgbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá ní 1956. Ẹ pa ohùn rẹ̀. Ẹ má wo ẹni tí wọ́n ń yàwòrán, àwọn tó ń kọjá lẹ́yìn ni kí ẹ wò: bí wọ́n ṣe ru ẹrù, irú bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ wọn, ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù.

ChatGPT àti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ lè fi wá ọ̀rọ̀ tí ẹ ó tẹ̀ sórí Google. Ẹ má gba ọjọ́ tàbí orúkọ lẹ́nu rẹ̀. Bí kò bá mọ̀, ó lè hun ìdáhùn jọ, kó sì sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀.

Ẹ bi ẹnìkan tó wà láyé

Ohun tó bá gbé ìtàn ró, ẹ má fi sílẹ̀ fún Google nìkan. Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì wà ládùúgbò yín. Apẹja wà ní Màkókò, àwọn àgbà wà ní Kámpọ́ọ̀sì. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó bá ń tà, kí ẹ sì tètè sọ ohun tí ẹ wá ṣe: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé ni mò ń kọ, mi ò fẹ́ kọ irọ́ sí i." Ẹ béèrè nípa iṣẹ́ wọn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí òkú. Wọ́n á débẹ̀ fúnra wọn. Ẹ má gbé fóònù síta láti gba ohùn wọn, ó ń mú àwọn àgbà ṣọ́ ẹnu. Ẹ rántí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ bá ti yà síbi kan.

Bí ẹ kò bá rówó wọ ilé àkójọpọ̀ ìwé àtijọ́, álímánáàkì ìnáwó tó wà lára ògiri pálọ̀ àwọn ẹbí yín lè gbà yín. Ọdún wà lára rẹ̀, ọjọ́ wà, aṣọ àti gèlè ìgbà náà sì wà nínú fọ́tò.

Ẹ tọ́jú ara yín àti fóònù yín

Ẹ má ṣe ìwádìí yìí lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Ẹ sọ fún ọkọ tàbí aya yín ohun tí ẹ ń kọ kó tó fojú ara rẹ̀ rí ìbéèrè nípa májèlé. Ojú-ewé incognito, tí kì í tọ́jú àkọsílẹ̀ ibi tí ẹ lọ, orí fóònù yín nìkan ló ti ń pa á rẹ́; ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà fún yín ṣì lè mọ ibi tí ẹ lọ. Ẹ pa àwòrán òkú àti ọgbẹ́ rẹ́ kúrò nínú fóònù kí ẹ tó jáde nílé, nítorí ẹni tó bá ní kí ẹ ṣí i lójú ọ̀nà kò ní dúró gbọ́ àlàyé gígùn. Àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wò sùn náà; ọ̀rọ̀ tí dókítà kọ máa ń tó.

Bí ìdáhùn bá pé, ẹ padà sínú ìwé, ẹ dí àlàfo, kí ẹ mú ẹyọ kan péré nínú ohun márùn-ún tí ẹ rí. Ìbéèrè tó bá kù tí kò sí ìdáhùn rẹ̀, ẹ yí ìran náà padà. Ẹ jẹ́ kí iná lọ, kí ẹ̀dá ìtàn má lè rí ọgbẹ́ náà, kó jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi mọ̀ pé aṣọ ti rin.